Àǹtí Verlene, Tó Máa Ń Yí Irun Padà Nínú Ìwé

Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Àǹtí Verlene. Èmi Jarvell, ọmọ àbúrò yín, ni wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, torí ọ̀rọ̀ Pásítọ̀ máa ń gùn jù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Tí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí irun orí mi pá níbí, lójú gbogbo àwọn tó wá dirun.

Ṣọ́ọ̀bù ìdirun yín ṣì wà, Àǹtí. Ní gbogbo Orange Mound, àdúgbò wa ní Memphis níbí, kò sí ọmọbìnrin tí orí ẹ̀ gún tí kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bọ̀. Ìlà wọn gùn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ẹ̀ dé etí odò Mississippi. Màmá Earline, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Jarvell, àwọn mẹ́ta ni." Ẹ má dá a lóhùn, ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Ohùn yín la ò rí rà lọ́jà.

Nígbà tí làkúrègbé gba ọwọ́ yín, tí ẹ ò lè dirun mọ́, ẹnu lẹ fi ń ṣiṣẹ́. Màmá Earline á máa dirun, ẹ̀yin á máa kàwé fún àwọn ọmọ tó jókòó, kí wọ́n má bàa rántí pé orí ń dùn wọ́n. Èmi tí mi ò dá A mọ̀ yàtọ̀ sí àkàbà, etí ni mo fi ka ẹgbẹ̀rún ìwé.

Ẹ sì lọ́gbọ́n, Àǹtí. Tí ìwé bá ní irun ọmọbìnrin náà pupa bí irun àgbàdo, ẹ máa kà á pé, "Irun ẹ̀ dúdú, wọ́n dì í wẹ́wẹ́ dé ìdí." Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ara ẹ̀ funfun bíi mílíkì, ẹ máa ní kọfí ni, kọfí tí ẹnì kan ò bu mílíkì sí. Ọmọ ọba tó gẹṣin wọ inú igbó, ọ̀dọ́ tó fò lọ sínú òṣùpá, gbogbo wọn di ará àdúgbò wa. Ẹni òṣùpá yẹn tiẹ̀ gbé ẹja àrọ̀ díndín dání.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Keturah, ọmọ yín gan-an, ò mọ̀. Ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tó bá olùkọ́ ẹ̀ jiyàn pé aláwọ̀ dúdú lọmọ tó ń gun ẹranko abìyẹ́ nínú ìwé kan tí ẹ ti kà fún wa. Olùkọ́ ní kó kà á sókè. Ó kà á, ó débi irun, pupa bí irun àgbàdo ló bá níbẹ̀. Gbogbo kíláàsì fẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rín wó ilé. Ó bú sẹ́kún wọ ṣọ́ọ̀bù níbí.

"Màmá, irọ́ lẹ ń kà fún wa."

"Kì í ṣe irọ́," lẹ wí. "Àyè ni mo ń gbà sílẹ̀ fún yín, kí ẹ tó kọ tiyín."

Ó ti kọ ọ́, Àǹtí! Keturah ti kọ ọ́. Ìtàn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, tó ń wa ọkọ̀ lábẹ́ odò Mississippi, ó ń wá ìlú tó rì. Àwọn atẹ̀wé ní Niu Yọ́ọ̀kì ní àwọn fẹ́ràn ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá fi àwòrán tó máa wà níwájú ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù, gbogbo wa sáré yí i ká. Ọmọbìnrin kan ló kọ ẹ̀yìn sí wa, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ọrùn ẹ̀ sì funfun.

"Ta nìyí?" Màmá Earline bèèrè.

Àwọn atẹ̀wé ní tí ojú dúdú bá wà níwájú ìwé, àwọn tó ń tà á á tì í sí igun ẹ̀yìn, níbi tí ẹnì kan kì í yà sí.

Màmá Earline ní, "Gbà á bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìwé tó jáde sàn ju èyí tó wà nínú àpótí."

Mo ní màá fẹsẹ̀ rìn dé Niu Yọ́ọ̀kì lọ fọ́ wọn létí.

"Ìwọ tí o ń bẹ̀bẹ̀ fún mọ́tò dé ìdí ẹlẹ́ja?" Màmá Earline bi mí.

Keturah ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá mi lo gbogbo ayé ẹ̀ láti tún ohun tí wọ́n kọ ṣe. Èmi ni mo kọ eléyìí. Ṣé ẹlòmíì tún máa jókòó tún tèmi náà ṣe ni?" Ó pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n yọ àwòrán yẹn, tàbí kí wọ́n dá ìwé òun padà.

Wọn ò fọhùn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ, wọn ò fọhùn. Keturah ń fọ irun, ó ń dirun, kò dárúkọ ìwé. Ẹ̀rù ba èmi náà, Àǹtí, kékeré báyìí.

Wọ́n pè padà. Wọ́n ní ó dáa, ojú ta ni kí ayàwòrán yà?

Àwòrán yín ló fi ránṣẹ́. Èyí tí ẹ yà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ẹ dirun, tí ẹ fọwọ́ lé ìbàdí bíi pé ẹ̀yin lẹ ni gbogbo Memphis.

Ẹ̀yin lẹ wà níwájú ìwé, Àǹtí. Ẹ̀yin gan-an, ẹ sì kọjú sí wa. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ka iwájú ẹ̀ fúnra mi, ẹnì kan ò là á yé mi. Àárò yín ń sọ wá lójoojúmọ́. A ṣì fẹ́ràn yín.

Ìwé yẹn ti dé gbogbo ayé. Ní Niu Yọ́ọ̀kì, wọ́n ti kó gbogbo ìwé yòókù wọ ilé ẹrù kó lè rí àyè. Níjọ́ kan báyìí, àwòrán yín tiẹ̀ ṣẹ́jú sí mi—

"Jarvell, máa lọ sílé."

Mo ní mi ò tíì parí.

"Lọ sílé, ọmọkùnrin yìí," Màmá Earline wí. "Kúrò lórí àga yẹn, kí Keturah jókòó kàwé fáwọn ọmọ."