Ẹ̀rín Tí Mo Bí Mọ́ Ọ

Nafeesah Àṣàbí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Jakande? Ṣé omi ń yọ? Ilẹ̀ Ìsọlọ̀ kò ní gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, o ò ní ríṣẹ́ kí o má ráyè jẹun. Gbogbo wa wà dáadáa ní Ìlọrà. Lẹ́tà ni mo kọ torí mo gbọ́ pé agogo fóònù wà lára ohun tó ń da ọpọlọ yín láàmú. Ṣàmsúdéènì onímọ́tò ló máa bá mi fà á lé ọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ dókítà ibi iṣẹ́ yín tí o sọ fún wa lọ́jọ́sí ti dá ìjà sílẹ̀ nílé. O ní bí wàhálà bá pẹ́ lára ènìyàn, ó máa ń wọ inú ọpọlọ, títí dé inú àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí, pé ibẹ̀ ni ohun tí a jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wà, wàhálà kì í pa wọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n á mú kí àwọn kan sùn, àwọn tó yẹ kó sùn á sì jí sílẹ̀. Mo ní ó dáa, ta ló ń sùn nínú wa, èmi àbí bàbá rẹ?

Bàbá rẹ ní èmi ni. Wọ́n ní ìdílé tiwọn kì í sùn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn tán lórí àga ni o. Mo ní ìbínú tí o fi ń dá wa lóhùn lórí fóònù ńkọ́, ta ló ni ín? Tiwọn ló jí yẹn. Ẹ̀rín ni tèmi. Ìyá mi máa ń rẹ́rìn-ín débi pé lèmọ́mù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó síta níbi ìsìnkú. Èmi náà gbà á, ìwọ náà gbà á, tí o bá rẹ́rìn-ín nígbà tí o wà ní kékeré, ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ á dìde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti wọ iṣẹ́ ọ́fíìsì òpópónà Àgọ́ Palace yẹn, mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàbí.

A gbé ẹjọ́ lọ bá Bàbá Fákúnlé, olórí ẹbí. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sùn, orúkọ la fi ń jí i. Ni a bá ń dìde láàárọ̀ kùtù, a ń kọjú sí ọ̀nà Èkó, bàbá rẹ ń ki oríkì ilé wọn, èmi ń ki ti ilé wa, kí kálukú lè jí tiẹ̀ dìde. Ìyá Táíyé ẹ̀yìnkùlé wa rò pé olè ló dé, ó gbé ọmọ odó jáde. Ṣé oríkì náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ?

Mi ò fẹ́ kó wàhálà bá ọ, nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé ìjì ti ká páànù ilé ìdáná lọ sórí máńgòrò lèmọ́mù. Ewúrẹ́ rẹ náà, mi ò sọ nǹkan kan. Fi owó páànù ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má ronú sí i rárá. Ṣáà fi ránṣẹ́ láìronú.

Sọ fún Beatrice ọ̀gá rẹ pé kó fún ọ láàyè kí o wálé wá sinmi. Tí kò bá gbà, mo ti ká ẹní mi, iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ni màá tẹ́ ẹ sí, kí ọpọlọ tiẹ̀ náà mọ ohun tó ń jẹ́ wàhálà.

Ọlọ́run á mú ọ bọ̀ wá bá wa ní odidi, o ò ní gbàgbé ara rẹ sí Èkó. Tí lẹ́tà yìí bá pa ọ́ lẹ́rìn-ín, pè mí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu rẹ. Màá gbé fóònù sí bàbá rẹ létí, kí wọ́n gbọ́ pé tèmi náà ti jí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìsíátù