Òdòdó Ẹ̀gbọ́n Festus Tó Máa Ń Sùn Lọ́yẹ́

                                        Ojúlé Kọkàndínlógún,
                                        Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀dùn,
                                        Egan, Ìgàndò,
                                        Alímòṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, 2025.

Lucy, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. O kú àfaradà ìlú onílùú. Ṣé ara le? Káyọ̀dé ọmọ wa ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àwọn ọmọ wọn ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ti ń gbọ́ oògùn báyìí? Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́. Inú ààwẹ̀ la wà, oòrùn sì ń mú bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó. Ọmọ-ọmọ wa tuntun tí mo lọ tọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sanra dáadáa. Orí ọkọ mi ló gbé wáyé, gbogbo rẹ̀ pátá. Kí Ọlọ́run ṣáà bá wa fi irun bò ó.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Ganiyat ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Nígbà tí o pè mí kẹ́yìn, mo fẹ́ sọ ọ́. Àfi bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, pé ọdún Àjíǹde máa bá ọ nílé, pé ìwọ fúnra rẹ lo máa gbé òdòdó Ẹ̀gbọ́n Festus ọkọ rẹ lọ síwájú pẹpẹ lọ́dún yìí bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lọ nígbà ayé wọn. O rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ. Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọọ̀kì dáa, Lucy. Adéọlá, olùkọ́ tó gba yàrá rẹ, ní àbúrò kan tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ yìí; òun ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

Òdòdó Ẹ̀gbọ́n Festus ti bàjẹ́. Ó dáa bí mo ṣe ti sọ ọ́. Jẹ́ kí n wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wú u wá láti inú igbó ìlú wọn ní Èkìtì, tí wọ́n fi iyanrìn, èédú àti èèpo àgbọn tẹ́ ẹ sínú ìkòkò, èmi ni mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Mo ní irú òdòdó ọ́kíìdì wo ló máa gbé ní Egan, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ aṣọ lórí okùn? Nígbà tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ dé tí gbogbo ewé rẹ̀ gbẹ, mo lọ bá wọn kẹ́dùn, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò kú, ó sùn ni. Wọ́n ní ó ti kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sínú àwọn iṣu kéékèèké tó wà nísàlẹ̀, pé ohun kan ṣoṣo téèyàn lè fi ṣe é níkà lásìkò yẹn ni kó fún un lómi. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ títí òjò fi rọ̀ tí igi òdòdó náà yọ kí ewé kankan tó yọ, tó ga dé orúnkún, tí òdòdó aláwọ̀ àlùkò sì tò sí i lára. Ọjọ́ yẹn ni mo panu mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé, tí Káyọ̀dé wá mú ọ lọ sókè òkun, èmi lo fi í lé lọ́wọ́. Ọyẹ́ kan kọjá lórí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì jí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ náà fi ti ọ́kíìdì tí o gbìn sẹ́yìnkùlé Káyọ̀dé ránṣẹ́ sí mi, èyí tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ tó sì tún hù nígbà tí oòrùn padà dé. O ní ewé gbígbẹ lo fi bò ó, pé òtútù kọ́ ló ń pa á, omi tó bá dúró sí i nídìí lójú oorun ló ń pa á. Mo ní ọ̀kan náà ni tibí àti tọ̀hún: ẹ̀yin ní yìnyín, àwa ní ọyẹ́. Bí ẹni tó gbọ́n ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ tó kọjá, ewé rẹ̀ gbẹ bó ṣe máa ń gbẹ. Mo gé e, mo gbé ìkòkò náà sábẹ́ òrùlé níwájú yàrá Bàbá Zikrullah, níbi tí òjò òjijì ò lè dé. Mo sọ fún Adéọlá pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bomi rin ín, mo sì gbọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Mi ò rántí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ń jókòó ṣe àlùwàlá. Èmi tí mò ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé!

O mọ bí Bàbá Zikrullah ṣe fẹ́ràn ọkọ rẹ. Mùsùlùmí paraku àti ọmọ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n á jọ ta dírááfù, wọ́n á jọ pariwo mọ́ra wọn, wọ́n á tún jọ jẹun. Ọyẹ́ ọdún yìí le gan-an, ètè gbogbo ènìyàn ń là. Bàbá wo inú ìkòkò, wọn ò rí ewé kan, iyanrìn rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní òùngbẹ ń gbẹ ohun tí Festus fi sílẹ̀, àwa sì jókòó tì í. Bí wọ́n bá ti ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á da ìyókù omi inú bútà wọn sí i. Àwọn ará ilé yòókù rí wọn, àwọn náà ń da tiwọn. Nígbà tí Adéọlá rí i, ó sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n má fún un lómi. Bàbá dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ẹni tó bá fún nǹkan abẹ̀mí lómi, láádá ni. Èyí tí mò ń dà yìí, Festus ni mo ní kí Ọlọ́run kọ ọ́ fún.” Adéọlá ní òun ò lè bá àgbà jiyàn lórí láádá. Mi ò bá a wí. Èmi náà ì bá má lè ṣe é.

Nígbà tí mo dé, mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Bàbá fi fà mí lọ́wọ́. “Ganiyat, wá wò ó. A ò jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ o!” Ojú iyanrìn náà ti hu nǹkan tútù kan tó ń yọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ìkòkò, àwọn iṣu náà sì fọ́ pẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ mi bí iṣu tó ti rà. Ẹnu mi ló ṣe mí, Lucy. Ǹ bá ti gbé e wọlé jẹ́ẹ́, ǹ bá ti sunkún mi níbẹ̀. Àfi bí mo ṣe figbe ta pé, “Yéè, wọ́n ti pa á!”

Bàbá wo ọwọ́ mi, wọ́n wo bútà tó wà lọ́wọ́ tiwọn. Wọ́n ní, “Ṣé omi àlùwàlá wá lè pa nǹkan ni?” Wọ́n fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ká ní mo gbé ìkòkò náà sínú yàrá mi ni. Ká ní Bàbá fúnra wọn ni mo sọ fún ni, nítorí àwọn ni àgbà ilé. Ọmọdé ni mo fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́, mo fi àgbà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dùn mí wọra.

Mo gé gbogbo ibi tó rà dànù, mo fi eérú pa ojú ibi tí mo gé, mo sá a síbòji. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì le, kò tóbi ju ata ilẹ̀ lọ. Inú iyanrìn gbígbẹ ló wà nínú yàrá mi. Òjò ti rọ̀ ní Egan, gbogbo koríko ń hù, òun ò tíì mira. Mi ò rò pé ó máa jí. Tó bá tiẹ̀ jí, kò ní ṣòdòdó kí ọdún Àjíǹde yìí tó dé.

Adéọlá ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ ra òmíì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ká kàn gbé e sínú ìkòkò yẹn jàre. Mọ́mì Káyọ̀dé ò lè mọ̀.” Mo rò ó o. Ó bá mi sùn, ó bá mi jí. Ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ọ́ nígbà tí o bá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, tí ò ń da omijé sórí òdòdó ẹni ẹlẹ́ni?

Bá mi kí Káyọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀. Sọ fún un pé bàtà tó fi ránṣẹ́ ò gba ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n mò ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, mo sì ń jìyà ẹ̀wà. Ọkọ mi ń kí ọ. Adéọlá ní kí o má bínú sí òun.

Ó ku ohun kan, òun ló sì jẹ́ kí n yára kọ̀wé. Bàbá ń di ẹrù. Wọ́n ní tí a bá ti ṣe ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀ tán, Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn ń lọ, àwọn ò sì ní padà mọ́. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n fẹ́ lọ bá nínú ilé wọn tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí níbẹ̀. Wọ́n ní ibi yòówù kó jẹ́, pé àwọn ò lè dúró kí ìyàwó Festus wá bá àwọn níbí. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́ tèmi. Tìrẹ nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n pè wọ́n kí ọdún Ìtùnú Ààwẹ̀ tó dé, kí o ní kí wọ́n dúró dè ọ́. Nínú ilé yìí, Lucy, àwọn nìkan ló kù tó ṣì ń dárúkọ ọkọ rẹ lójoojúmọ́. Má jẹ́ kí wọ́n lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Ganiyat.