Má Tíì Dìde Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Radoje, má tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì títí wàá fi ka ìwé yìí tán.

Mo ti lọ sí adágún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi ló ni ibòòji níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ará àdúgbò kejì ló gbà á mọ́ wa lọ́wọ́, oòrùn sì yan ìwọ àti ìyá mi bí ata. Tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Gbé ọkọ̀ onírọ́bà bọ̀, má sì gbàgbé póńpù rẹ̀ bíi ti ìjẹta. Má fọwọ́ kan bùrẹ́kì, oúnjẹ ọ̀sán wa, tó wà nínú ààrò, mo mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Vukica, aládùúgbò wa, rí ẹrù lórí kẹ̀kẹ́ mi láàárọ̀ yìí, ó ní, "Desanka, ṣé o ń kó jáde nílé ọkọ ni?" Mo ní, "Kò tíì tó bẹ́ẹ̀."

Jọ̀ọ́, má bínú. Táwẹ́ẹ̀lì ò tó, ni mo bá já kọ́tìnì yàrá wa, méjèèjì. Vukica ṣì ń bomi rin òdòdó lọ́ọ̀ọ́kán fèrèsé wa, bí ìyá rẹ sì ṣe bí ọ lo ṣe sùn. Ṣòkòtò rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Abẹ́ aṣọ ìbora ni kó o ti wọ̀ ọ́.

Desanka