Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Iná Kún Ẹ̀rọ

Àbúrò,

Bàtà rẹ ni mo wọ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá. Omi wọ tèmi níbi tí mo ti ń fọ ẹ̀rọ. Má bínú.

Ẹ̀rọ tó ń sọ èéfín di kẹ́míkà níbi iṣẹ́ yẹn tún kọṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo tú u, iyọ̀ funfun ló dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí èéfín ń gbà wọlé, bí ikun ṣe ń dí imú ọmọdé. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, mo tò ó padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Tó o bá dé ibẹ̀, rí i pé èéfín ń gba inú omi gbígbóná kọjá kó tó wọlé, kí iyọ̀ má bàa tún dí i.

Ọ̀gá ní kí n fi iná mànàmáná kún un, kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ lọ́sàn-án lè rí i pé kẹ́míkà ń jáde dáadáa. Mo ní rárá, pé á dùn ún wò fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà omi á ya wọ inú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Kò burú. Àbúrò rẹ ń bọ̀ lọ́sàn-án. Òun ò lágídí bíi tìẹ.”

Mo mọ̀ pé wọn ò tíì gbà ọ́ síṣẹ́ tán, ọwọ́ ọ̀gá lọ̀rọ̀ rẹ sì wà. Ó ń ṣe mí bíi kí n bá ọ dá a lóhùn, àmọ́ mo fi sílẹ̀ fún ọ. O ti dàgbà.

Oúnjẹ wà nínú ìkòkò. Gbé e kaná kó o tó jẹ ẹ́.

Tí mo bá dé lọ́la, mi ò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Ẹ̀rọ ni màá tú wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ