Béèsì Tí Mo Rà Láìgbọ́ Ohùn Rẹ̀

Màámi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ara tèmi le koko bí ọta o. Mo ti tún padà sídìí gìtá! Mo ra béèsì tòkúnbọ̀ kan ní Mushin, kò wọ́n rárá. Èyí tí ọrùn ẹ̀ kúrú, tí okùn ẹ̀ sì rọ̀, ni mo mú, torí ọwọ́ òsì mi tí ẹ̀rọ tẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ n'Ílúpéjú ṣì ń sinmi.

Mùíz tó ń tà á fẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ra tòkúnbọ̀ láìgbọ́ ohùn ẹ̀?" Mo ní mò ń kánjú. Ká sòótọ́, mi ò fẹ́ kó gbọ́ bí mo ṣe ń ta á.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ okùn ẹ̀ títí. Àfìgbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára igi ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó ti gé mi níka ọwọ́ òsì náà. Ẹ má dààmú, kò dùn mí rárá.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Ọmọ́níkẹ́. Ẹ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mò ń bọ̀ wá ta béèsì níbi ìkórè. Ẹ ṣáà má tíì jẹ́ kí wọ́n lé ẹni tó ń ta á báyìí.

Ọláolú yín