Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Yàrá Òtútù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo kúnlẹ̀ sí kí yín, torí báàgì àwa ará bedspace, tí oníkálukú ń háyà bẹ́ẹ̀dì kan péré, ti gba gbogbo ilẹ̀ yàrá wa ní Hor Al Anz. Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba nítorí pé ọpẹ́ tí mo fẹ́ dú kì í ṣe ti kọ̀rọ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń wọ kóòtù ṣe ní Dubai tí oòrùn ti ń jó ènìyàn. Inú yàrá tí mo ń gbá tí mo sì ń nù ni, Màámi, ó tutù bíi fíríìjì. Wọ́n kó òkúta síbẹ̀ láti ilẹ̀ yìnyín ní ìpẹ̀kun ayé, pẹ̀lú ewé tínńtín bí irú èyí tó ń hù lára ògiri kànga wa. Àwọn kòkòrò kan ń gbé níbẹ̀, ìbátan eégbọn, tí wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Madam Lina, ọ̀gá mi, ló ń sìn wọ́n kí àwọn ọmọ iléèwé lè wá wò wọ́n.

Inú ewé yẹn nìkan ni mo rò pé wọ́n ń gbé. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọlọ tí a kò bá yí padà fọ abẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ́. Nígbà tí àlejò pàtàkì ń bọ̀, mo yí òkúta wọn padà, mo rí nǹkan dúdú lábẹ́ rẹ̀, mo sì fi ọṣẹ àti omi gbígbóná bó gbogbo rẹ̀. Àwọn kòkòrò náà ni dúdú ọ̀hún! Madam sunkún. Ó ní khalas, ó ti parí, òun kò ní buwọ́ lu àdéhùn iṣẹ́ mi mọ́. Bí àdéhùn bá ti parí, visa náà parí nìyẹn, iléèwé Táyọ̀ àbúrò mi á sì dúró. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Súlè, ọmọ Ìwó tó ń ṣe síkiọ́rítì ní Al Muteena, ló ní ọmọdé kì í dá ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ó wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó tẹ̀lé mi wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú òtútù yẹn. Madam figbe ta, ó rò pé ó dákú ni, ló bá ní kí n sáré bu omi wá. Ẹ̀gbọ́n kò dìde, torí ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó dìde, Madam kò sì mọ̀ pé òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Ibi tó fẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ sí ló ti rí i. Mo ti mú òkúta wọn kan tipẹ́ fi ti ilẹ̀kùn, mo sì gbàgbé láti fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní nǹkan ń rìn lábẹ́ rẹ̀ o. Bí Madam náà ṣe dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ iyì lọ́rùn! A rọra gbé òkúta náà, wọ́n sì wà níbẹ̀, wọ́n ṣù mọ́ra wọn.

Ẹ̀rín ni Madam fi ṣàlàyé fún mi pé wọn kì í fẹ́ yanrìn gbígbẹ, wọn kì í sì í fẹ́ ibi tí omi dá rogún sí. Ibi tó rin díẹ̀ ni wọ́n ń wá, tí atẹ́gùn kò dé. Àwọn kan yan inú ewé, àwọn yòókù yan abẹ́ òkúta, wọn a sì fara mọ́ra kí ara wọn má baà gbẹ. Omi tó ń kán sí ẹnu ọ̀nà ló dá ìyókù sí. Madam ti buwọ́ lu ìwé àdéhùn mi.

Màámi, ẹ máa fọ ọlọ yín lọ, ẹ̀kọ́ yín dára. Òkúta tó wà nídìí ìkòkò omi nìkan ni kí ẹ bá mi fi sílẹ̀. Bí ẹ bá sì dé Ìwó, ẹ yà kí ìyá Ẹ̀gbọ́n Súlè. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn dọ̀bálẹ̀ nínú òtútù nítorí ọmọ yín, kò sì dìde títí ọ̀rọ̀ mi fi yanjú.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá, Táyọ̀ àti gbogbo agboolé.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọ́rẹ́nikẹ́