Ẹ Má Tíì Fọwọ́ sí Ìwé Ilẹ̀ Abẹ́ Òkè

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ọ̀kà, lórí ẹní Ìyá àgbà, ìyá tó bí yín. Ẹ bá mi kí Màmá. Mo ti kọ tiwọn lọ́tọ̀ ní èdè Pólàǹdì. Tiyín ni mo fi Yorùbá kọ, torí ẹ̀yin lẹ ni èdè náà, ẹ ò kàn fún mi ní tèmi ni. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ kó forí jì mí. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo ti ń kọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn.

Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sójú ewé àwọn ọmọ Àkókó tó wà lókè òkun. Kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ìwé tó wọ ilé wa ti wọ ilé mìíràn lábẹ́ òkè, bàbá míì sì wà nínú òtútù níbòmíràn tí wọ́n máa fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ìkíni tó gbé mi lọ: bí àbúrò yín, Bàbá Tíṣà, bá fi ìwé ilẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Ọyẹ́ ti dé síbí. Ètè mi ti bó. Òwúrọ̀ máa ń tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n àpáta á gba oòrùn sára lọ́sàn-án, á wá máa tú u lé wa lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi àti Ìyá àgbà jọ ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí. Wọ́n ní ọwọ́ mi ti ń di ọwọ́ èèyàn. Tí a bá ṣe tán ni mo máa ń jókòó ti Gẹ̀ẹ́sì, torí ìdánwò àtiwọ yunifásítì l'Àkùngbá. Kò sẹ́ni tó máa fi èdè Pólàǹdì bi mí léèrè níbẹ̀. Mo pín ojú ewé ìwé àjákọ mi sí ọ̀nà mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Pólàǹdì, Yorùbá. Stone, kamień, òkúta. Ogún ọ̀rọ̀ lójúmọ́. Mo ń ṣà wọ́n lára àpò sìmẹ́ǹtì, lára páálí oògùn, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọ̀rọ̀ ńlá kì í ni mí lára. Àwọn wẹ́wẹ́ tó ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ló ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ilá.

Mo ṣì máa ń fi èdè Pólàǹdì lálàá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, n ò rẹ́ni rọ́ ọ fún.

Bàbá mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín díẹ̀, ẹ má bínú. Láti kékeré mi lẹ ti ń sọ fún Ìyá àgbà lórí fóònù pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tó ni ín lọ. Lójú wọn níbí, ẹni tó bá ti wọ bàálù dé, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Mo sọ fún wọn nígbà kan pé wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọjà ní Lublin, ìlú wa ní Pólàǹdì lọ́hùn-ún. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wá ni wọ́n fi ń bú ara wọn? Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì dákẹ́. Kí n má parọ́, iyì yẹn dùn mọ́ mi.

Ìgbà tí oṣù yìí bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Tíṣà mú àwọn ọkùnrin méjì wá láti ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta, wọ́n mú ìwé àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì dání. Àpáta ẹ̀yìn oko kajú ni wọ́n ń fẹ́, níbi tí sàréè bàbá yín wà. Ẹbí pín sí méjì lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé òkúta wọn lọ, ta ló ń jẹ òkúta? Àwọn yòókù ní àwọn ò gbà. Bàbá Àgbà, olórí ẹbí, wá pàṣẹ pé Bàbá Tíṣà tó mú àlejò wá kò gbọdọ̀ ka ìwé náà fún ẹbí, ẹni tó ń bá a jà náà kò sì gbọdọ̀ kà á. Wọ́n ní ọmọ tó ti òkè òkun dé ni kó kà á, torí òun kò tíì lẹ́nu nínú ìjà wa. Gbogbo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ joyè. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé ìwé fún mi, Sátidé ni màá kà á, ìwé náà kò sì gbọdọ̀ jáde nílé.

Ojú ewé mẹ́rin ni. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ni mo mọ̀.

Mo da àwọn tí n kò mọ̀ kọ sórí bébà pélébé-pélébé, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, láìtò wọ́n. Mo gbọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ. Mo pinnu pé ẹnì kan kò ní rí ju ọ̀rọ̀ kan sí méjì lọ, kí àṣírí ilé má bàa tú. Ọlọ́kadà tó gbé mi, ọmọ yunifásítì ni. Mo bi í ní "blasting". Ó ní ha, sístà, ṣé ẹ ń wáṣẹ́ ní kúárì ni? Ó bá fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí ọ̀kadà láti fi hàn mí bí àpáta ṣe ń fọ́ gbàù. Mo ké! Ìyá tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló túmọ̀ "lease" fún mi: ó ní bí ẹni háyà ilé náà ni, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá mọ ọdún rẹ̀ kà. Ó wá wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti òkè òkun bọ̀ lẹ̀ ń bi èmi ní Gẹ̀ẹ́sì? Ayé mà ti yí o! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mo fara mọ́ ọn.

Bàbá kan tó ń ta ìwé àlòkù ni mo fi "indemnify" hàn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní níbo ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yìí, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara àpò ìrẹsì. Mo parọ́ pé ìdánwò ni. Ó ní ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan á gba gbèsè ẹlòmíràn rù. Ó ní ìdánwò tó bá ní irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú, ẹnì kan kì í dá a ṣe.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, mo ti mọ gbogbo wọn. Inú mi dùn títí mo fi dá wọn padà sí àyè wọn nínú ìwé. Ojú ewé kìíní yé mi. Ní ojú ewé kejì, gbólóhùn kan gùn ju apá lọ. Tí mo bá kà á lẹ́ẹ̀kan, òkúta nìkan ló ń lọ. Tí mo bá tún un kà, ilẹ̀ náà ń tẹ̀ lé e. Mo fi Pólàǹdì kà á, mo fi Yorùbá kà á, kò yàtọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, pálọ̀ Bàbá Àgbà kún. Wọ́n ti ṣí ìdérí yíǹkì sílẹ̀. Bàbá Tíṣà jókòó dojú kọ mí, wọ́n ní jẹ́jẹ́ pé Ìbùkún, ka ibi tó bá yé ẹ, màá bá ẹ parí ìyókù. Mo ka ojú ewé kìíní, wọ́n ń dáhùn hẹn-ẹn, hẹn-ẹn. Mo dé ojú ewé kejì. Èyí tó bá wù mí ni mo lè sọ, gbogbo wọn á sì gbà á gbọ́. Mo rí Ìyá àgbà tí wọ́n ti ń fi etí aṣọ nu àtàǹpàkò wọn sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ dákun, n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo dàgbà sí, wọn kì í sọ ọ́. Ìkàrẹ́ ni mo ti tọrọ ọ̀rọ̀ tí mo fi kà á dé ibi tí mo kà á dé. Ibi tí ìka mi wà yìí, n kò mọ̀ bóyá òkúta ló ń lọ ni tàbí ilẹ̀.

Àǹtí kan pariwo pé owó bàálù ṣòfò! Bàbá Àgbà bínú gidigidi pé mo gbé ọ̀rọ̀ yàrá lọ sọ́jà. Mo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pín in. Wọ́n ní bí a bá kó búlọ́ọ̀kù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé ilé kọ́ la ń kó lọ? Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Tíṣà na ọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n ní òkúta nìkan ni. Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n bi Bàbá Tíṣà pé ṣé o ti mọ̀ tipẹ́, àbí o ń dúró gbọ́ èyí tí ọmọ yìí máa sọ? Bàbá Tíṣà fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Bàbá Àgbà dé ìdérí yíǹkì. Wọ́n ní ó di ìgbà tí lọ́yà tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa bá kà á.

Bí Bàbá Tíṣà ṣe ń jáde ni wọ́n sọ pé ẹ̀yin ni àkọ́bí, pé tí ẹ̀yin bá ti fọwọ́ sí i, ó ti tó. Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. N kò fẹ̀sùn kàn wọ́n. Àwọn ló ń fún mi ní ìbéèrè àtijọ́ fún ìdánwò, ó sì lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ka ìwé náà ní èdè mẹ́ta, n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà kò pe oríkì mi láti ọjọ́ náà. Wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á yíjú. Lánàá, nídìí ẹ̀gẹ́, wọ́n ṣàdédé bi mí pé kí ni wọ́n ń pe omi níbẹ̀ yẹn. Mo ní woda. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá béèrè bóyá ẹ̀yin náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Bàbá mi, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Kí ẹ sì pe Ìyá àgbà fúnra yín, kì í ṣe lórí fóònù mi. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ sọ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́nu yín ni wọ́n ti gbọ́ irọ́ yẹn. Lẹ́nu yín náà ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ òótọ́.

Ẹ kí Màmá, ẹ kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ yín. Òtútù kò ní rí yín gbé ṣe. Ọlọ́run á mú yín délé wá rí ojú ìyá yín láyé.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìbùkún, l'Ọ̀kà Àkókó.